ARA ỌKÙNRIN ÀTI AGBÁRA ÀYÁLÒ

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ọmọ ìlú wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún

  

Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ kọ̀wé sí mi pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé èrò wọn ni pé èmi yóò sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa tàbí lórí owó ilé-ìwé, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orí jì mí. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó ń jẹ mí lọ́kàn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ara ọkùnrin: ojú tí àwa ọkùnrin fi ń wo ara wa, ojú tí àwùjọ fi ń wò wá, àti ohun tí àwọn ọmọkùnrin wa ń ṣe sí ara wọn kí a lè pè wọ́n ní ọkùnrin.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní, "Ṣé ọkùnrin náà a máa wo dígí ni?" Ẹ̀rín náà gan-an wà lára ohun tí mo wá sọ. Bí ọmọbìnrin bá wí pé ara òun kò tẹ́ òun lọ́rùn, ìyá rẹ̀ yóò jókòó tì í, yóò sì tù ú nínú. Bí ọmọkùnrin bá sọ bẹ́ẹ̀, a ó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà, kì í sọ ọ́. Ohun tí ẹnu kò bá sì lè sọ ní gbangba, ọwọ́ a máa ṣe é ní ìkọ̀kọ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ara mi ni n óò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ara mi ni n óò sì kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi. Ó mọ ìṣirò, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára, kì í pẹ́ dé ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín, ọrùn rẹ̀ gùn, apá rẹ̀ sì dà bí pòpórò àgbàdo. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ní kí ó bá mi gbé tábìlì kan kúrò níwájú pátákó. Kò lè gbé e. Mo sì wí pé, "Lọ jókòó, Ìṣáná, kí a má baà dá ọ sí méjì." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ rẹ̀ ti di Ìṣáná. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀ ní pápá ìṣeré, àwọn tí ń ta gúgúrú lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé ń pè é bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, tí wọ́n kọ́ mi ní ìmọ̀ nípa ọkàn ọmọdé, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ títí ó fi jáde ìwé mẹ́fà. Mo rò pé àwàdà ni.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ ra àlùbọ́sà ní ọjà Mile 12. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí èjìká rẹ̀ gbòòrò bí ilẹ̀kùn, tí apá rẹ̀ ki bí itan, sọ àpò kan kalẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàsán, Tíṣà. Ìṣáná ni." Ẹnu yà mí. Inú mi dùn, mo gbé e dìde, mo ní, "Ṣé ìwọ ni o wá di ọkùnrin báyìí?" Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó tún ti ẹnu olùkọ́ jáde! Bí ẹni pé kì í ṣe ọkùnrin nígbà tí ó ń gba ipò kìíní nínú ìṣirò.

Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí mo gbọ́ pé gìrì gbé e ṣubú láàárín ọjà, ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ìyá tí ń ta ata ni ó dì í mú kí ó má baà fi orí gbá kọnkéré. Mo lọ wò ó. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó sọ òtítọ́ fún mi. Láti ìgbà tí ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún ni ó ti ń gbé irin ní àgbàlá ilé: wọ́n da kọnkéré sínú garawa ọ̀dà méjì, wọ́n fi páìpù irin so wọ́n pọ̀, òun ni wọ́n ń gbé sókè gbé sílẹ̀. Nígbà tí ara kò tètè yọ bí ó ti ń fẹ́, ọ̀rẹ́ kan mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń gún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́. Nígbà tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alábàárù, tí ó ń ru àpò tí ó wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ó ń lo tramadol kí ó má baà mọ ìrora. Mo bi í pé kí ló dé tí ó fi ara rẹ̀ wéwu tó bẹ́ẹ̀. Ó dá mi lóhùn pé, "Tíṣà, kì í ṣe owó nìkan ni mo ń wá. Orúkọ tí ẹ sọ mí ni mo ń sá fún."

Ẹ̀yin ará, àwọn ọ̀gá mi ti bá mi wí rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n kò sí ìbáwí tí ó wọ̀ mí lára bí gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbà mí láyè láti sọ ìtàn náà fún yín, bí n kò bá ti dárúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá bi ara wa léèrè: níbo ni a ti rí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ọkùnrin?

Láyé àtijọ́, àwọn baba wa fẹ́ràn ọkùnrin tí ó sígbọnlẹ̀. Kò yani lẹ́nu. Oko ń fẹ́ apá, ogun ń fẹ́ ẹsẹ̀, ìjàkadì ni a sì fi ń dán ọ̀dọ́ wò lójú agbo. Nígbà tí ọkùnrin bá dàgbà tán tí ó sì lówó lọ́wọ́, a fẹ́ kí ó sanra, kí ikùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ wọ ilé, nítorí ẹni tí ń jẹ àjẹyó ni ikùn rẹ̀ ń yọ. Ẹ sì wo agbádá wa. Aṣọ náà a máa sọ ẹni tín-ín-rín di ẹni ńlá. Bí ọkùnrin bá ti ká a sí èjìká méjèèjì, a ó rò pé ènìyàn méjì ni ó ń bọ̀. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Àwọn baba wa mọ̀ pé títóbi tí aṣọ lè fún ni, kò yẹ kí a fi ẹ̀mí ra á.

Àwọn baba wa kan náà ni ó sì wí pé alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Nínú ìtàn tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa, Ọbàtálá ni ó ń mọ ara ènìyàn. Ọwọ́ rẹ̀ kan náà ni ó mọ ẹni gíga, ẹni kúkurú, abuké, arọ àti àfín. Ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè wọ́n, èèwọ̀ sì ni kí a fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí lónìí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò ṣàjèjì sí ìwé mímọ́ wa: ẹni tí ó bá fi ìkòkò ṣe yẹ̀yẹ́, amọ̀kòkò ni ó ń bú.

Àwa ni a ti gbàgbé ẹ̀kọ́ náà. Bí ọmọkùnrin bá kúrú, a ní kúkurú bìlísì. Bí ó bá ga, a ní agùntáṣọọ́lò. Bí ó bá sanra, a ní orọ̀bọ̀. Bí ó bá pẹ́lẹ́ńgẹ́, a ní lẹ́pa. Bí ọkọ ìyàwó bá rù, a ní ìyàwó rẹ̀ kò fún un lóúnjẹ. Bí ó bá sanra, a ní ó ti ń jẹ owó ilé. Ta ni ó wá pé nínú wọn? Ta ni kò ní wá ọ̀nà àbáyọ?

Láyé òde òní, nǹkan méjì tún ti fi kún ẹrù náà. Èkíní ni ìfura. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, Fela Anikulapo-Kuti kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, sì kéde fún gbogbo ayé pé àrùn éèdì ni ó pa á. Ìwà akin ni ìkéde náà, ó sì la ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù àrùn náà ti mú kí àwọn ẹlòmíràn máa fura sí ẹnikẹ́ni tí ó bá rù. Mo mọ àwọn ọkùnrin tí ara wọn dá ṣáṣá, tí wọ́n ń fi tipátipá jẹun lóru nítorí kí àwọn ará ilé má baà máa sọ̀rọ̀ wọn wúyẹ́wúyẹ́.

Èkejì ni fóònù ọwọ́. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan ní Ìkòsì tàbí ní Kétu lè rí àwọn ọkùnrin tí ikùn wọn pín sí mẹ́fà, tí àyà wọn dúró bí pẹpẹ, ju iye irú wọn tí baba rẹ̀ rí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé iná àti kámẹ́rà lọ́wọ́ nínú rẹ̀, pé a ti tún àwòrán náà ṣe, àti pé nígbà mìíràn, abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ara tirẹ̀ nìkan ni ó ń wò, ó sì ń rò pé àìsàn ni.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà lókè òkun mọ̀ pé ọ̀ràn yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Harrison Pope àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú bèbí ológun tí àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ fi ń ṣeré, tí wọ́n ń pè ní GI Joe, wọ́n sì wọn ara rẹ̀. Ní ọdún 1999 ni wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde. Bí a bá sọ bèbí ti ọdún 1964 di ènìyàn gidi, yíyípo apá rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí ínṣì 12. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, apá tirẹ̀ yóò ju ínṣì 26 lọ. Kò sí ìyá kan tí ó bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kan náà ti kọ̀wé ní ọdún 1993 nípa àwọn agbérin kan tí ara wọn ki bí ìrókò, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá wo dígí, ẹni tín-ín-rín aláìlágbára ni wọ́n ń rí. Ojú ni ó ń ṣàìsàn, ara ni wọ́n ń tọ́jú.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ iye tí a ń san. Bí a bá fi etí sílẹ̀ sí orúkọ agbègbè wa, Kòsọ́fẹ́, a ó gbọ́ ìwàásù kúkurú kan nínú rẹ̀: kò sí ọ̀fẹ́. Agbára tí ènìyàn bá fi oúnjẹ, iṣẹ́ àti oorun kọ́, tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n agbára tí ó bá ti inú ìgò tàbí inú páálí wá, àyálò ni. Olówó rẹ̀ yóò dé, yóò sì gba èlé.

Ẹ jẹ́ kí a mú abẹ́rẹ́ tí ń mú kí ẹran ara wú ṣáájú. Ohun kan wà nínú ara ọkùnrin tí àwọn dókítà ń pè ní testosterone. Òun ni ó ń mú kí irùngbọ̀n hù, kí ohùn ki, kí iṣan le. Kóró ẹpọ̀n ni ó sì ń pèsè rẹ̀. Láti ọdún 1935 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù ti mọ bí a ṣe ń ṣe é ní ilé ìwádìí, dókítà sì lè fún ẹni tí ara rẹ̀ kò bá pèsè rẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ara rẹ̀ pé bá ń gún irú rẹ̀, ara yóò rí i pé ohun tí òun ń ṣe ti ń ti ìta wọlé, yóò sì dáwọ́ dúró, gẹ́gẹ́ bí ìyálé ṣe ń pa iná ààrò nígbà tí oúnjẹ bá ti ilé aládùúgbò dé. Kóró ẹpọ̀n a súnkì. Àtọ̀ lè gbẹ. Ọyàn lè yọ láyà ọkùnrin bí ti ọmọge. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀ a máa jìyà. Ẹ kò rí i bí? Ẹni tí ó fẹ́ ṣe ọkùnrin ju gbogbo ọkùnrin lọ ni ó wá di ẹni tí ń wá ọmọ kiri.

Tramadol ni ó tẹ̀ lé e. Oògùn ìrora ni, ó sì ní ìwúlò tirẹ̀ lọ́wọ́ dókítà. Kò fi agbára kankan kún ara. Ó kàn ń di ìrora lẹ́nu ni. Ìrora sì ni ọlọ́dẹ tí Ọlọ́run fi ń ṣọ́ ara wa. Ẹni tí ó bá fún ọlọ́dẹ ilé rẹ̀ ní oògùn oorun, kí ó má ṣe bínú bí olè bá kó o nílé. Bí oògùn náà bá pọ̀ jù, gìrì lè gbé ènìyàn, èémí lè dúró, ẹni tí ó bá sì ti mọ́ lára kì í lè fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Èyí tí àwọn olóko òwò dúdú ń kó wọ̀lú a tún máa lágbára ju èyí tí àjọ NAFDAC fọwọ́ sí lọ. Ìwádìí ọdún 2018 tí àjọ UNODC bá àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀ ṣe fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 4.6 ènìyàn ní Nàìjíríà ni ó ń lo irú àwọn oògùn ìrora líle bẹ́ẹ̀ láìsí pé dókítà kọ ọ́ fún wọn. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń wá fàájì. A ti kọ́ ọmọkùnrin pé kò gbọdọ̀ sunkún, pé kò gbọdọ̀ wí pé ó rẹ òun. Ẹni tí a bá kọ̀ fún láti sọ ìrora rẹ̀, kò ní ṣàìwá ohun tí yóò fi pa á lẹ́nu mọ́.

Kí ẹ̀yin baba má ṣe rò pé àwọn ọmọ nìkan ni mo ń bá wí. Ikùn ńlá tí a fi ń yangàn níbi ìnáwó náà ní èlé tirẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kìlọ̀ pé bí ìbàdí ọkùnrin bá ti kọjá sẹ̀ńtímítà 102, èyí tí í ṣe nǹkan bí ínṣì 40, ewu ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn pọ̀ fún un gidigidi. Agbádá lè bo ikùn mọ́lẹ̀ lójú ènìyàn, kò lè bò ó lójú ọkàn tí ń fa ẹ̀jẹ̀ sókè sódò. Ọmọ ń gún abẹ́rẹ́ kí a lè pè é ní akọni, baba ń kọ̀ láti lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kí a má baà pè é ní olókùnrùn. Àìsàn kan náà ni ó ń ṣe àwọn méjèèjì: ìbẹ̀rù ẹnu ayé.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Tíṣà, ṣé kí àwọn ọmọ wa wá máa ṣe ọ̀lẹ ni?" Rárá o. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ó dára kí ọ̀dọ́ sáré, kí ó gbá bọ́ọ̀lù, kí ó gbé irin ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, kí ara rẹ̀ yá gágá. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwọ̀n ara kì í ṣe ìwọ̀n ọkùnrin. Ẹ jẹ́ kí n mú ẹlẹ́rìí mẹ́ta wá.

Ẹlẹ́rìí kìíní ni Hogan Bassey. Ọmọ Kàlàbá ni, ènìyàn kúkurú ni, ìpele tí ó sì ti ń ja ẹ̀ṣẹ́ kò gba ẹni tí ó bá ju kílógíráàmù 57 lọ. Ìyẹn fi díẹ̀ ju àpò ìrẹsì kan. Síbẹ̀, ní ọdún 1957, ní ìlú Paris, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba adé ẹ̀ṣẹ́ gbogbo ayé. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ẹlẹ́rìí kejì ni Dick Tiger, tí ó gba adé tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1962. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, ó gbèjà adé náà níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀ ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ti sọ di pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí. Òun náà kò ga. Àwọn tí ó ga jù ú lọ mọ bí ìkúùkù rẹ̀ ṣe rí.

Ẹlẹ́rìí kẹta jẹ́ olùkọ́ bíi tèmi: Tai Solarin, tí ó dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1956. Kì í ṣe ẹni tí ó sanra, kì í sì í wọ agbádá kí ó lè tóbi lójú ènìyàn. Ṣòkòtò péńpé ni ó ń wọ̀ kiri, ó sì kọ́ àwọn ọmọ láti fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ilé. Àwọn tí ìbọn wà lọ́wọ́ wọn kò lè pa á lẹ́nu mọ́. Èwo nínú wa ni yóò dìde níhìn-ín láti wí pé kì í ṣe ọkùnrin?

Kí ni kí a wá ṣe? Ọ̀gá Alága, ẹgbẹ́ tí ó bá kàn gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó sì pàtẹ́wọ́, kò tíì ṣe nǹkan. Mo gbé àbá mẹ́rin ka iwájú ilé.

Èkíní, kí olúkúlùkù wa fi orúkọ ẹ̀gàn sílẹ̀ nínú ilé àti ní kíláàsì. Ọmọ tí ó ní orúkọ tí a sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ kò nílò Ìṣáná tàbí Orọ̀bọ̀. Ọ̀dọ̀ àwa olùkọ́ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ wa ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ láti fi ra ọmọlanke, kí a máa yá a fún àwọn ọmọ wa tí ń ṣe alábàárù, kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀. Láti ọdún 1967 ni àjọ ILO, tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní gbogbo àgbáyé, ti dámọ̀ràn pé ẹrù tí ọkùnrin kan yóò máa fi ara rù kò gbọdọ̀ ju kílógíráàmù 55 lọ. Ohun tí táyà lè gbé, kí a má ṣe fi ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ènìyàn gbé e.

Ẹ̀kẹta, ní ọjọ́ àjọyọ̀ ọdọọdún yìí, kí a pe àwọn nọ́ọ̀sì ọmọ ìlú wa kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìbàdí gbogbo ọkùnrin tí ó bá wá, bẹ̀rẹ̀ láti orí àga gíga. Bí àwọn ìjòyè bá na apá wọn, kò sí ọ̀dọ́ tí ojú yóò tì. Ẹni tí wọ́n bá rí nǹkan lára rẹ̀, kí ó gba Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò ní Gbàgádà lọ, kí ó má ṣe dúró de ìgbà tí yóò ṣubú.

Ẹ̀kẹrin jẹ́ ti àwọn ará wa lókè òkun àti ti àwa tí a ń pàdé wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, dípò agolo ìyẹ̀fun amárawú tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò yín, ẹ fi ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́. Àwa tí a wà nílé, bí ọmọ wa bá sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ má ṣe jẹ́ "O ti rù o!" tàbí "O ti sanra, owó ti dé!" A kò mọ ohun tí ó là kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kí a kọ́kọ́ wí pé, "Káàbọ̀. Ṣé àlàáfíà ni?"

Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà láàyè. Ó jìyà kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ oògùn náà. Àwọn dókítà ràn án lọ́wọ́, ìyá rẹ̀ kò sì fi í sílẹ̀. Ara rẹ̀ ti fọn díẹ̀, èjìká rẹ̀ kò tún gbòòrò bí ilẹ̀kùn mọ́. Ó ń ta àlùbọ́sà ti ara rẹ̀ báyìí, ìṣirò tí ó mọ̀ láti kékeré ni ó sì fi ń jẹun, nítorí kò sí alágbàtà tí ó lè rẹ́ ẹ jẹ nínú ìṣirò. Nígbà tí mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ojú tì í jù mí lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, àgbà kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé." Mo ní àgbà tí ó ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dé ọjà, orúkọ tí baba rẹ̀ sọ ọ́ ni mo fi ń pè é, mo sì ń pè é sókè kí àwọn ará ọjà lè gbọ́.

Olúkúlùkù yín tí ó jókòó níhìn-ín, ẹ ronú bóyá ẹnìkan wà tí ẹ ti sọ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí. Bí ó bá wà nítòsí, ẹ wá a lọ lónìí. Bí ó bá wà lókè òkun, ẹ pè é lórí fóònù. Ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀.